A Ń Gbọ́ Ohùn Bàbá Rẹ, A Kò Rí Ojú Rẹ̀

Nílé rẹ ní Marks Gate,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Moṣọpẹ́ Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù Leeds, mo sì kí ọ kú ẹ̀kọ́ tí ilé ìwòsàn rán ọ lọ kọ́ níbẹ̀. Bí ara rẹ ṣe dá tí o fi lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò dá tí wàá fi bọ̀. O kò ní fi ẹsẹ̀ kọ, àwọn tí ò ń tọ́jú yóò máa dìde fún ọ lórí ibùsùn. Àmín. Ara èmi náà le, orúnkún nìkan ni ó máa ń bá mi jiyàn tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé yín.

Má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Lórí fóònù, n kì í tíì kí ọ tán tí wọ́n á ti máa pè ọ́ níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àkánjú. Bọ́ládé ọkọ rẹ ní òun yóò ya lẹ́tà náà ní fọ́tò, pé yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ kí yíǹkì tó gbẹ. Mo ní n óò ká a sí mẹ́rin, n óò fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀ kí àwọn tí wọ́n wà lójú ọ̀nà má baà kà á. Ó ní tí mo bá lẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ìwé nìkan ni ìwọ yóò rí. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé tí ó bá ti dé ibi tí mo ti ń tọrọ owó, kí ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Akíndúró àbúrò bàbá rẹ pè láti ilé. Òjò ti rọ̀, ewúrẹ́ mi bí ìbejì, wọ́n sì ti fi páànù tuntun rọ́pò èyí tí atẹ́gùn ṣí lẹ́yìn ilé wa. Gbogbo wọn ń kí ọ.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni mo fẹ́ sọ. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ tí o mú mi padà wá síbí, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọjọ́ Àìkú, n kì í tíì bọ́ sùtánà mi tí n óò fi tẹ ibi tí Bọ́ládé fi hàn mí kí bàbá rẹ lè jáde. Ìsìn ìkórè ti ọdún tí èmi àti òun jọ wá kí yín ni, èyí tí wọ́n gbé sí ìkànnì àwọn onígbàgbọ́, tí bàbá rẹ dìde láàárín ìjọ wa ní Dagenham tí ó dá orin ọpẹ́. Bọ́ládé ni ó ní kí tẹlifíṣọ̀n bá wa tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí o ti lọ, mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn rẹ̀ dún ketekete, ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo dúró títí orin fi parí, n kò rí ẹnì kankan.

Mo rò pé mo mọ ohun tó fà á. Ìwé kan ti wá lọ́sẹ̀ yẹn lórí láìsẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n, wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, wọ́n ní sí ẹni tó ń gbé inú ilé. Mo sì ro ara mi wò pé èmi ni mo ń gbé inú ilé jù, torí ìwọ wà ní Leeds, Bọ́ládé wà lórí bọ́ọ̀sì tó ń wà. N kò sì ṣe ìdánwò láìsẹ́ǹsì kankan rí, ì báà ṣe ti ọkọ̀, ì báà ṣe ti tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà mo gbà pé wọ́n ti wá gba àwòrán lọ, wọ́n wá fi ohùn sílẹ̀ fún mi torí pé opó ni mí. Inú mi tilẹ̀ dùn sí wọn díẹ̀. Nílé, tí àwọn oníná bá wá já wáyà, wọn kì í ṣẹ́ nǹkan kan kù síni lọ́wọ́. Mo dojú kọ tẹlifíṣọ̀n, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fún mi ní àyè kí ọmọ mi dé.

Nígbà tí Bọ́ládé ti ibi iṣẹ́ dé, kò rẹ́rìn-ín sí mi, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un. Ó ní ẹ ti sanwó láìsẹ́ǹsì tipẹ́, kò sí ẹni tí ó gba nǹkan kan. Ó yọ pulọ́ọ̀gì lára ògiri, ó ní kí tẹlifíṣọ̀n sinmi díẹ̀, ó tún kì í bọ ibẹ̀. Iná pupa kékeré abẹ́ rẹ̀ ń tàn, ó ní iná ń dé ibẹ̀ nìyẹn. Ó pààrọ̀ bátìrì rìmóòtù. Ó fa gbogbo wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó tún tì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí i kúrò níbi orin bàbá rẹ sí ibi ìròyìn, obìnrin oníròyìn ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, òun náà kò lójú. Èmi wá gbé ọwọ́ sókè pé kí n gbá a létí díẹ̀, bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe fún èyí tí a ní nílé, ọkọ rẹ sáré di ọwọ́ mi mú. Ó ní ti ìsinsìnyí tín-ín-rín, kò lè gba ìgbátí.

Ó ní ká jẹ́ kí ọkọ̀ káńsù wá gbé e, òun yóò ra tuntun ní Romford, pé ní ìlú yìí, tẹlifíṣọ̀n tí ó bá bàjẹ́, àkìtàn ló ń lọ. Mo ní kò burú, kí ó kàn bá mi gbé bàbá Moṣọpẹ́ bọ́ sínú tuntun. Ọkọ rẹ wá jókòó tì mí. Ó ní tẹlifíṣọ̀n yìí fúnra rẹ̀ ló ti àpótí náà pa nígbà tó ń gba ìsìn náà sílẹ̀, kò sí òmíràn tó lè ṣí i. Tí a bá gbé e dànù, bàbá bá a lọ nìyẹn. Mo sọ fún un pé kí ó dá ọkọ̀ káńsù dúró, àfi tí wọ́n bá máa gbé èmi náà.

Láti ọjọ́ náà, mo ń jókòó gbọ́ orin bàbá rẹ níwájú dúdú yẹn, ọkàn mi a sì lọ sílé. Tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ìlú wa, ti Àkànmú tí ń ra kòkó ni. Ó ní ilẹ̀kùn igi, ó ní kọ́kọ́rọ́, bátìrì lọ́rì ni wọ́n fi ń tan án. Àwọn ará ìlú a tẹ́ ẹní sílẹ̀ wò ó. Orí ọparun lẹ́yìnkùlé ni àńtẹ́nà wà, bàbá rẹ ni wọ́n fi sídìí rẹ̀ kí ó máa yí i, torí pé ó ga. Èmi ni wọ́n fi sójú fèrèsé, kí n máa gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú ilé fún un. Á yí i, á bi mí pé báwo ni, n óò ní ìrì ló ń sẹ̀. Á tún yí i, n óò ní èèyàn ti ń yọ. Á ní irú èèyàn wo, kí ni wọ́n wọ̀, ṣé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. N óò sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kódà tí àwòrán bá mọ́ tán, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára ọparun, á ṣì máa bi mí léèrè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tí kò ráyè wo tẹlifíṣọ̀n nígbà náà ni ó wá wọ inú rẹ̀ lọ lágbà.

Ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì Chadwell Heath ni mo ti pàdé obìnrin kan tó ń fi Yorùbá bá fóònù rẹ̀ wí. Ṣẹ̀fíátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn. Mo sọ ẹjọ́ mi fún un. Ó ní iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni Haneef ọkọ òun ń ṣe nílé kó tó wá síbí wá máa kó ẹrù ní Barking, pé òun yóò bá a sọ ọ́.

Haneef wá ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ó ní kí a fa kọ́tìnì pa, kí n ní kí bàbá máa kọrin. Ó wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, Ìyá, ẹ yọjú. Moṣọpẹ́, mo rí bàbá rẹ. Ó wà nínú iná tọ́ọ̀ṣì náà bí ẹni tí a yọjú wò nínú kànga, ẹnu rẹ̀ ń lọ, fìlà rẹ̀ wà lórí. Haneef ní àwòrán kò lọ síbì kan, àwọn iná tí ń tàn lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kú. Ó ní òun lè pààrọ̀ wọn, ṣùgbọ́n a óò ní láti gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó sì fẹ́lẹ́, òun ti fọ́ irú rẹ̀ rí ní Ìbàdàn. Tí ó bá fọ́, kò ní àtúnṣe. Ó ní kí a lọ rò ó. Bọ́ládé wojú mi. Mo ní kí wọ́n ṣe é.

Nígbà tí iná tuntun dé, wọ́n da tẹlifíṣọ̀n dojú bolẹ̀ lórí búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ tó nípọn, èyí olódòdó, má bínú. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ni mo gbé abọ́ tí wọ́n ń kó wọn sí. Nígbà tí ó kan gíláàsì, ọkọ rẹ di apá kan mú, Haneef di apá kejì, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Haneef rọra ní kí n jọ̀wọ́ gba ti inú ọkàn, kí òun lè fọkàn sí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pa ẹnu mọ́ títí wọ́n fi gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ láìfọ́. Àwọn iná wẹ́wẹ́ náà tò sórí ọ̀pá pẹlẹbẹ bí ọmọ iléèwé tó di ọwọ́ ara wọn mú, ọ̀kan ló jóná, ló bá mú gbogbo wọn dúró.

Wọ́n dá a padà, wọ́n tàn án, bàbá rẹ jáde. Ṣùgbọ́n iná tuntun yìí mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí ọrùn rẹ̀ nínú sùtánà, ó ti rù. Mo rí ọwọ́ òsì rẹ̀ tó di àga iwájú mú, tó ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tó ń kọrin. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, n kò rí i. Tí mo bá ní kò jẹun tó, á ní oúnjẹ òyìnbó ni kò bá òun lára mu. Bọ́ládé náà rí i, torí ilẹ̀ ló ń wò. Haneef, tí kò mọ nǹkan kan, ní ó máa dáa kí a dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kí iná náà lè pẹ́. Mo ní kí ó dín in kù. Ó ń tẹ rìmóòtù, ọrùn bàbá rẹ ń kún díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wọnú òjìji lọ. Mo ní kí ó dúró síbẹ̀.

Haneef kò gbà ju owó iná tó rà lọ. Nítorí náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra aṣọ tó dáa fún Ṣẹ̀fíátù ní ọjà Romford, kí o sì fi ti ọṣẹ sí i, kí n lè fọ búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ.

Tí o bá dé tí o rí i pé tẹlifíṣọ̀n kò mọ́lẹ̀ tó, kò bàjẹ́ o. Má ṣe tàn án sókè tí mo bá wà níjòókòó. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, bóyá ìwọ yóò fẹ́ wo ọrùn àti ọwọ́ bàbá rẹ dáadáa. Dúró kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí o bá wò ó tán, dá a padà síbi tó wà.

Ọlọ́run tí ó fún bàbá rẹ lókun láti kọ orin náà dé òpin yóò fún ìwọ náà lókun. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, wàá bá mi láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọládùnní.