Ohùn Àbúrò Yín Ti Ya Sí Méjì

Taradale, Calgary
Oṣù Kìíní, 2016

Ìdílẹ̀kẹ̀ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé tí mo kọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ mi wúwo lórí bíírò, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè wá sí mi lẹ́nu, torí ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ irun dídì. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé àwọn lẹ́tà gun orí ara wọn, ẹ fojú àánú kà á. Mo mọ̀ pé èmi ni ìyàwó tuntun tí Daddy yín fẹ́, wọ́n sì ní èmi ni ìyá yín báyìí, ṣùgbọ́n ẹ ti wà nílé kí n tó dé, n kò lè máa pe Nusaybah mọ́ yín lójú. Ìdí tí mo fi ń pè yín ní Ìdílẹ̀kẹ̀ nìyẹn. Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Toronto? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ yọ̀ ṣubú lórí snow, kí àwọn aláìsàn tí ẹ ń tọ́jú máa gbádùn lọ́wọ́ yín, kó sì fún yín ní ọkọ tó mọ iyì yín. Àmín.

Ní tiwa, a dúpẹ́. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ epo ti ní kí Daddy yín máa lọ sílé, a ti kó wá sí basement, àwọn ayálégbé ló ń gbé lórí wa. Bí wọ́n bá ti ń rìn lókè, Daddy yín á gbójú sókè bí ẹni pé orí òun gan-an ni wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n ní nǹkan máa padà bọ̀ sípò bí epo bá ti gbówó lórí. Mo ń fi sí àdúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú máa ń tì mí láti bẹ Ọlọ́run pé kí epo wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ní Ìsẹ́yìn, kí epo rọ̀ ni gbogbo wa fi ń yọ Ọ́ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ Ahmed àbúrò yín ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ṣòkòtò rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣòkòtò tí wọ́n rà nígbà tí school wọlé ti fò kúrò ní ọrùn ẹsẹ̀, ó ń lọ sójúgun. Mo ní dryer yìí ló ń mú un súnkì, mo bá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sá sórí ọgbà lẹ́yìnkùlé bí a ṣe ń ṣe nílé. Nígbà tí mo padà débẹ̀, wọ́n ti gan bíi pákó, mo gbé ọ̀kan kalẹ̀, ó dá dúró. Mo kó wọn sí apá wọlé bí igi ìdáná, obìnrin òyìnbó ẹ̀gbẹ́ wa sì ń yà mí ní fọ́tò. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, kúkúrú náà ni wọ́n ṣì jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ohùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn àgbà ọkùnrin nínú bálùwẹ̀, ó ń béèrè táwẹ̀lì. Mo rò pé ọ̀rẹ́ Daddy yín kan ló yà wá wẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, mo ní ẹ kú ilé sà, ẹ má bínú sà, Daddy ò sí nílé. Ni ohùn náà bá ya sí méjì, ìdajì wà nísàlẹ̀ bíi ti lèmọ́mù, ìdajì fò sókè bíi ti òròmọdìẹ, ó ní òun mà ni. Orúnkún mi ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí Ahmed yọ orí síta.

Mo ní òtútù ti wọ ọmọ yìí lọ́fun. Mo fi òrí pa á lọ́rùn, mo fún un ní orógbó, bó ṣe ń jẹ orógbó ni ohùn náà túbọ̀ ń rì. Ẹ̀rù bà mí, mo kó orógbó pamọ́. Mo sáré lọ bá Mardiyah, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì títì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti kóòtù. Ó ní ọmọ ń bàlágà ni. Ó ní gbogbo rẹ̀ náà ni, ohùn, rorẹ́, òógùn, oorun, oúnjẹ, ìbínú, ẹkún. Ó ní ọpọlọ rẹ̀ pàápàá ń tún ara rẹ̀ kọ́ lọ́wọ́. Mo bi í bóyá kò yẹ kó sinmi school títí wọn á fi kọ́ ọ tán. Ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹ má bá mi wí, èmi ni àbígbẹ̀yìn ilé wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kéré nígbà tí wọ́n lọ sí Èkó, wọ́n sì ti tóbi nígbà tí wọ́n fi dé. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

Èmi náà sì ti ṣẹ ọmọ náà. Adúmáadán ni mo ń pè é bí àṣà, mo sì fi ariwo pè é ní ibùdó train Whitehorn lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ó gbàgbé oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tó délé, ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Daddy yín. Wọ́n ní ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú tó ń dán. Ó wo rorẹ́ ojú rẹ̀ nínú dígí, ó ní mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ẹ gbà mí gbọ́, sí mi, ó ń dán.

Ṣùgbọ́n Daddy yín kò gba ti Mardiyah. Wọ́n ní ní ayé tiwọn, kò sẹ́ni tó bàlágà, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lóko ni. Àwọn àti Ọ̀gbẹ́ni Clement pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Akeem ti pinnu pé Canada ti ba ọmọ jẹ́, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sílé, sí school kan tí wọ́n ti ń fi ẹgba kọ́ ìwà. Ẹ mọ̀ pé ọ̀gá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nídìí epo tẹ́lẹ̀, páìpù ni wọ́n ń bójú tó. Páìpù ti tán, ọmọ ọlọ́mọ ló kù. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó ń sùn di ọ̀sán, ó ń jẹ odindi búrẹ́dì, ó ń gba ilẹ̀kùn bàmù, ojú rẹ̀ ń le láìnídìí. Mo ń bu ọbẹ̀ sínú abọ́ wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n kà yẹn ni Daddy yín ti ń ṣe láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ra tíkẹ́ẹ̀tì Ìsẹ́yìn fún wọn.

Èyí tó dùn wọ́n jù ni pé Ahmed kì í dáhùn. Bí bàbá bá sọ̀rọ̀, á kàn wo ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wọ inú kíṣìnnì wá bá mi, ó rọra béèrè pé ṣé ara mi rí bí ara ẹlòmíràn rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ìgbà tí mo ti dé Calgary ni. Imú mi ń ṣẹ̀jẹ̀, awọ mi ń bó, mò ń sunkún nídìí iṣu sísè láìmọ ohun tó ṣe mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ fún mi pé ohùn òun lòun ń sá fún, pé bí òun bá la ẹnu níwájú Daddy, á ya sí méjì, Uncle Clement á sì sín òun jẹ bó ṣe ṣe nígbà ọdún Iléyá. Ṣé ẹ ti wá rí i? Kì í ṣe àfojúdi rárá. Ìtìjú ni, èmi tí mo ní in lọ́pọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n.

Mo wà ní ẹ̀gbẹ́ dryer báyìí, mò ń kọ̀wé lórí aṣọ kíká. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní pálọ̀, wọ́n ti pè é jókòó sáàárín. Ìdílẹ̀kẹ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Daddy lórí fóònù, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín. Ẹ tún bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bàtà snow rẹ̀, torí Daddy ní ẹni tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn kò nílò bàtà snow, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń yọ síta nínú ti tẹ́lẹ̀. Kí Ọlọ́run máa ṣílẹ̀kùn fún yín kí ẹ tó kàn án, kí ilé yìí má fọ́n ká lójú yín, kí ẹ bá wa pé.

Wọ́n ti bi í ní ìbéèrè kan, kò dáhùn. Wọ́n tún bi í. Ohùn Daddy yín ti ń lọ sókè, mo gbọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Clement ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pè mí, ìyàwó, gbé omi wá. Mò ń lọ, mi ò tíì sọ̀rọ̀ láàárín ọkùnrin rí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé omi náà kalẹ̀, màá sọ fún wọn pé ọmọ yìí kò ṣe àfojúdi, ó ń dàgbà ni.