Fìlà Oko Bàbá

Ojúlé Kẹrìnlá,
Adébáyọ̀,
Adó-Èkìtì.
12 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Adésọjí ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ara Olúyẹmí ọmọ yín ti yá pátápátá? Ẹ kú làálàá Ìbàdàn. Ní tiwa níbí, ara le, ọkàn ni kò balẹ̀.

Fìlà oko Bàbá wa olóògbé tí ẹ fi ránṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé. Bí mo ṣe ń tú ọ̀rá rẹ̀ nínú ilé ìdáná, tí òórùn kòkó àti aṣáà ń jáde, Màmá sọ̀rọ̀ láti pálọ̀: "Bàbá Sọjí, ẹ káàbọ̀. Ṣé kòkó ti gbẹ?" Mo rò pé ọ̀rọ̀ kántankàntan tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ láti ìgbà tí iyè wọn ti ra ni. Mi ò yọjú.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo fọ fìlà náà. Màmá fúnra wọn ló kọ́ wa pé a kì í gbé ohun ìdọ̀tí síwájú àgbà. Dókítà ní ká mú ohun tí Bàbá máa ń lò wá, èmi rò pé kí ojú Màmá lè rí i ni. Omi mẹ́ta ni mo fi ṣàn án, mo tún lọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, dókítà gbé e sí Màmá nímú. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀ pẹ́, wọ́n ní: "Ọṣẹ."

Dókítà wá ṣàlàyé. Ó ní bí a bá gbóòórùn nǹkan, ibì kan nínú ọpọlọ ló ń gbà á wọlé, ibòmíràn ló ń dá a mọ̀, ibòmíràn ló tọ́jú ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ibòmíràn sì ni ìfẹ́ tàbí ẹ̀rù rẹ̀ wà. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe é pọ̀ bí àwọn tó ń ṣe àáró lóko. Ti Màmá, àwọn kan kì í wá sí àáró mọ́. Òórùn tó ti pẹ́ lára ẹni ló kù tó lè pè wọ́n jọ. Ìgbà yẹn ni ọjọ́ Ajé sọ sí mi lọ́kàn. Mo sunkún níwájú dókítà bí ọmọdé.

Mo wá ọ̀rá náà kiri, àwọn tó ń kólẹ̀ ti kó o lọ. Lánàá, mo gbé Màmá lọ sí Ìjàn níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó. Màmá ní ibẹ̀ ń rùn, ká máa lọ ilé. Ẹ̀yin náà sọ pé fìlà yẹn nìkan ló ṣẹ́kù. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ẹ bá mi kí Fúnkẹ́mi ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Nínú gbogbo lẹ́tà mi ni mo ti máa ń kọ ọ́ pé Màmá ní kí n kí yín. Irọ́ ni mo ń pa láti oṣù mẹ́jọ. Màmá kò kí yín. Ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n dárúkọ yín, èmi ò sì yọjú.

Èmi ni àbúrò yín,
Mosúnmọ́lá