Bàbá Méjì Ní Àdúgbò Kan

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Gbọ̀ngàn Àwọn Ọ̀dọ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ.

Ọ̀rẹ́ mi, ìyá àwọn ìbejì mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ wa ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti yé bá ara wọn jà lórí ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n? Bí ẹ bá wà ní àlàáfíà, ọpẹ́ ni. Tèmi ni kí o má tíì béèrè. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ pé wọ́n pa èèyàn ní kíláàsì àbúrò mi, àti pé àbúrò mi ló ní kí wọ́n pa á. Irọ́ ló gbé òótọ́ pọ̀n. Jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ, torí ẹni tó bá tún pè é bẹ́ẹ̀ létí mi, àlùmọ́gàjí ni màá fi gé ahọ́n ẹ̀.

O rántí gbọ̀ngàn tí àbúrò mi ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ẹgbẹ́ àwa aránṣọ, ẹgbẹ́ àwọn tó ń lẹ táyà, àwọn àgbàlagbà pàápàá. Èmi tí mi ò mọ̀ ju kí n pe èèyàn lórí fóònù lọ, mo ti ń ya fọ́tò aṣọ tí mo bá rán, mo ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Bàbá àgbà kan ló ni gbọ̀ngàn náà. Bàbá lásán ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n yọ̀ǹda ibẹ̀ fún wa, àwọn náà sì máa ń jókòó níwájú pátápátá lọ́sàn-án, pẹ̀lú jígí lójú.

Àwọn ọmọ wọn méjèèjì, alápatà ni wọ́n, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n fẹ́ máa kó ẹran sí gbọ̀ngàn náà ni. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí a ń pè ní Àgbò torí ọrùn ẹ̀, ti bá àbúrò mi fa ọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé. Ó ní ta ló ti fi kọ̀ǹpútà kun ẹran rí, pé bí Bàbá bá ṣẹ́jú báyìí, òun á lé wa jáde.

Kọ̀ǹpútà kan wà nínú kíláàsì yẹn tó gbó ju gbogbo wa lọ. Bí wọ́n bá ti tàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́ ní Bàbá. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹgbẹ́ àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo kíláàsì ṣe ń pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò mi jáde lọ gba ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń tún ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pè é pé Bàbá ti gbóná, èéfín ti ń yọ lára ẹ̀, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gé wọn lọ́rọ̀. Ó sáré fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ẹni tó ń pariwo mọ́ wa lójoojúmọ́ pé ká wo orúkọ gúrúùpù ká tó tẹ nǹkan, òun gan-an ni kò wò ó. Dípò gúrúùpù kíláàsì, gúrúùpù àdúgbò ló fi í sí. Ohun tó wí nìyí: "Ẹ pa Bàbá kíákíá. Ẹ má bẹ̀rù, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ̀ tí kò kú, ẹ fà á tu nídìí. Mo ń bọ̀ wá tú inú ẹ̀ wò."

Ìwọ náà gbọ́ ọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́.

Àgbò àti àbúrò ẹ̀ gbọ́ ọ nílé. Wọ́n rò pé bàbá wọn ti wà ní kíláàsì bí wọ́n ṣe máa ń wà lọ́sàn-án, wọ́n kó ọ̀bẹ, wọ́n mú àáké tí wọ́n fi ń la egungun, ó di gbọ̀ngàn. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Àgbò ní, "Bàbá dà?" Ọmọ ìyá mi, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkàn ẹ̀ balẹ̀ pé àwọn ti pa kọ̀ǹpútà náà, ní, "Wọ́n ti pa á. Èéfín ẹ̀ ló kù yẹn."

Ìdí àáké Àgbò ló kọ́kọ́ bà á lẹ́nu. Eyín rẹ̀ tú jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fò lójú fèrèsé, àbúrò Àgbò ń fi àga fọ́ kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ igbe láti ṣọ́ọ̀bù, mo fa áyọ́ọ̀nù tu níbi tó ti ń gbóná, mo gbé e wọlé, mo sì fi tẹ Àgbò léjìká. Awọ ara ẹ̀ hó. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀ títí di òní. Ó gbá mi létí, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú. Láti ilẹ̀ yẹn ni mo ti rí i tí àbúrò mi na ọwọ́ sókè láti fi bẹ̀ ẹ́, tí àáké sì já ìka méjì níbẹ̀. Orí kíbọ́ọ̀dù ni ìka náà bọ́ sí.

Ó tún gbé àáké sókè, orí ló ń lọ báyìí. Ibẹ̀ ni Bàbá sáré wọlé, tàwọ́ẹ̀lì nídìí, ọṣẹ ní etí. Wọ́n ń ké pé, "Mo wà láàyè, ọmọ mi, mo wà láàyè." Wọ́n bọ́ sáàárín wọn. Àáké ti ń bọ̀ wálẹ̀. Ọrùn bàbá tó bí i ló bá.

Wọn ò dé ilé ìwòsàn.

Àbúrò mi dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnìkan ti fi ohùn tó ní kí wọ́n pa Bàbá ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, Bàbá sì ti kú. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà títí, ọlọ́pàá ní kí n lọ pa àlọ́ yẹn fún ọmọdé. Fóònù àbúrò mi àti ti Àgbò ti fọ́ nínú ìjà. Àwọn ará àdúgbò sì ti sáré pa gbogbo ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù náà rẹ́ kí wọ́n má baà pè wọ́n ní ẹlẹ́rìí. Kíláàsì wa ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́. Mo bú wọn láti ojúlé dé ojúlé. Gbogbo ènìyàn ní ẹ̀wọ̀n gbére ni ti àbúrò mi.

Ìyàwó Bàbá ló wá bá mi, pẹ̀lú fóònù ọkọ wọn lọ́wọ́. Èsì wà níbẹ̀: Bàbá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì ti fi ohùn fèsì sí gúrúùpù náà. Mo sọ fún Ìyá pé bí a bá gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, Àgbò ọmọ wọn tó wà ní àtìmọ́lé níbẹ̀ máa gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọ ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ tí ọkọ àwọn ti dáhùn.

Nígbà tí a dé àgọ́, wọ́n mú Àgbò jáde látinú àtìmọ́lé. Ìyá ò jẹ́ kí ọlọ́pàá tẹ fóònù náà, àwọn ló fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Nínú ohùn náà, omi ń dà, Bàbá ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ará àdúgbò, wọn ò tíì pa mí o. Kọ̀ǹpútà tó jẹ́ orúkọ mi ni Tíṣà ń wí. Àgbò, ọmọ mi, má bínú jáde, mo ń wẹ̀."

Ọjọ́ náà ni wọ́n tú àbúrò mi. Ó wà lọ́dọ̀ mi, omi ògì ló ń mu torí ẹnu ẹ̀, ó sì ní òun á ṣí kíláàsì padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbá àfọ́kù kọ̀ǹpútà kúrò nílẹ̀. Bá mi kí ọkọ wa, fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi, kí o sì wá, torí ohun kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn. Ní àgọ́ náà, Àgbò bi ìyá ẹ̀ léèrè ìgbà tí Bàbá fi ohùn yẹn ránṣẹ́. Ìyá ní bí Àgbò ṣe ń jáde ní ẹnu ọ̀nà ni. Àgbò ní òun gbọ́ tí fóònù dún nínú àpò òun bí òun ṣe ń sáré lọ, òun ò kàn dúró wò ó ni.

Èmi náà ni, tìrẹ lójú ìjà, tìrẹ lẹ́yìn ìjà,

Aránṣọ Ẹlẹ́nu-Abẹ́rẹ́.