Ilé Ìwé Tí Mo Yàn fún Àwọn Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Kétu, Ọjọ́rú, oṣù kẹsàn-án, 1957

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Dẹ́nmáàkì ní kí n bá òun yan ilé ìwé fún àwọn ọmọ òun, tí àwọn àti ìyá wọn ń múra àtilọ bá a níbẹ̀. Lónìí, níwájú ẹbí, mo dárúkọ èyí tó wà lọ́hùn-ún, tí àwọn ọmọ onírúurú orílẹ̀-èdè ń lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, inú ọgbà ni àwọn ọmọ sì ń gbé.

Inú Bàbá dùn. "Akọ̀wé, o káre! Ìyá wọn kò nílò àtibá wọn lọ mọ́ nìyẹn. Kó jókòó tì wá."

N kò ro ibẹ̀ yẹn rárá. Èmi tí mo ń pe ara mi ní agbẹnusọ ìyá wọn...

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni tó máa ra ẹ̀wù òtútù mi."