Ìgò Oògùn Ikọ́ Nínú Àpò Gààrí

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Jọ́ọ̀sì níbí, mo sì kí Bọ̀dá Ràímì tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan. Mo mọ̀ yín, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti korò lẹ máa ń ṣí ìwé kọjá. Mo ti fún àwọn oníwèé ìròyìn ní ẹ̀dà rẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí ohun tí ẹ gbọ́ nípa mi, gbogbo Ọ̀fà ló ti gbọ́ ọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ìwé méjì péré ni mo kà, àmọ́ kò sí alákọ̀wé kan nínú ìlú yìí tó lè yàn mí jẹ nínú ìṣirò.

Ìyá, iṣẹ́ mi ń lọ. Gwánjo ni mò ń tà síbẹ̀, àwọn súwẹ́tà àti kóòtù tí òyìnbó ti wọ̀ kí wọ́n tó dì wọ́n ránṣẹ́ sí wa. Orí ni mo fi ń rù ú kiri nígbà tí mo dé ìlú yìí, tí mò ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé. Lónìí mo ní ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn méjì ní Tina Junction. Àwọn Hausa ń pè mí ní Hajiya bí n kò tilẹ̀ tíì dé Mẹ́kà, n kò sì bá wọn jiyàn. Òtútù ibí yìí tó ń bẹ́ni létè ni Ọlọ́run fi ń bọ́ mi. Bí ọyẹ́ bá ti dé, dírẹ́bà àti akọ̀wé yóò máa já súwẹ́tà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níwájú mi.

Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Ìríra ló kún inú mi bí ẹni tó jẹ ẹja tó ti rà.

Ọdún méjìlá ni mo fi wojú Ọlọ́run kí Múìdì tó dé, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa. Nígbà tó pé ọmọ ọdún kan, tó wúwo débi pé n kò lè pọ̀n ọ́n tú bẹ́ẹ̀lì, ẹrù aṣọ dídì yẹn, mọ́, ẹ̀yin lẹ rán Sàfú, ọmọ àbúrò yín, sí mi. Ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ fún ọmọ. Mo dúpẹ́. Bàbá Múìdì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà. Èmi nìkan ni mò ń jí pọnmi, tí mò ń po ògì, tí mò ń fi omi gbígbóná wẹ ọmọ, kí n tó sáré kúrò nílé wa ní Dadin Kowa lọ sí ìsọ̀. Ọjọ́ mìíràn mo tún gbọdọ̀ lọ tò sórí ìlà nítorí agolo mílíìkì tí ìjọba ń pín tà, níwájú sójà tó ń fi kòbókò tò wá bí ẹran.

Sàfú kò pẹ́ dé tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n Múìdì. Ọyẹ́ ni. Mo ra ìgò oògùn ikọ́ kan ní kẹ́míìsì, mo fi ṣíbí kékeré han Sàfú: ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta péré. Ikọ́ náà lọ.

Láti ìgbà náà ni ọmọ mi ti di ọmọ tí kì í yọ ènìyàn lẹ́nu. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, yóò jókòó jẹ́ẹ́ lórí ẹní, yóò máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kì í ké, kì í fa nǹkan ya. Èmi wá ń ṣe fáàrí. Mo sọ fún gbogbo ìsọ̀ pé ọmọ tí àgbàlagbà bí yàtọ̀, pé tòun tọgbọ́n ló ń wáyé, pé ọmọ àwọn ọmọdébìnrin yẹn ló ń ké bí ewúrẹ́.

Tíṣà obìnrin kan ń gbé ní iwájú ilé wa, ará Èkìtì, ìjọba ló gbé e wá síbí. Ó wá bá mi ní ìsọ̀, ó ní òun ti yà kí Sàfú lẹ́ẹ̀mẹta, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ojú oorun ni òun sì ń bá ọmọ nígbà gbogbo. Ó ní ọmọ tó fẹ́ pé ọdún kan ààbọ̀ yẹ kó ti máa sáré, kó máa pe màmá, pé kí n gbé e lọ bá dókítà. Ìyá, mo bú u. Mo ní kó lọ bí tirẹ̀ ná kó tó wá kọ́ mi ní ọmọ títọ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mallam tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìkan ni kò rín. Ó ní haba, Hajiya, èyí ti pọ̀ jù. Tíṣà fi gèlè bo etí rẹ̀, ó lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ojú ọ̀run bí ẹni ń da òkúta. Mo tìlẹ̀kùn ìsọ̀, mo gba ilé lọ. Páànù ń dún gbàmùgbàmù, ọmọ mi ń sùn lábẹ́ rẹ̀, kò mira. Mo gbé e, ọrùn rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ. Mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Oògùn ikọ́ pupa yẹn ni, lẹ́nu ọmọ tí kò wúkọ́ láti oṣù mẹ́rin! Mo tú gbogbo yàrá. Inú àpò gààrí ni mo ti bá àwọn ìgò náà, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ti gbẹ.

Sàfú kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ní ara ọmọ yẹn kì í balẹ̀, kì í jẹ́ kí òun ráyè dirun fún àwọn obìnrin àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ni òun náà fẹ́ rí owó díẹ̀, owó irun náà ni òun sì fi ń ra oògùn. Ó wá bi mí pé kí ni mò ń pariwo fún. Ṣebí èmi ni mò ń yìn ín kiri pé kì í ké, kí ni mo rò pé ó pa á lẹ́nu mọ́? Ìyá, mo bì. Mo bì lóòótọ́, sórí bàtà ara mi.

Tíṣà yẹn ló bá mi gbé Múìdì dé ilé ìwòsàn, kò sì sọ pé ṣebí mo ti wí. Dókítà ní oògùn tó ń fa oorun ni, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀, mo mú súwẹ́tà tó dára jù ní ìsọ̀ lọ fún Tíṣà, mo kúnlẹ̀, èmi tí n kì í kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo jù lọ. Ó gbà á, ó sì sanwó rẹ̀.

Mo dá Sàfú padà sílé. Ìròyìn wo ló mú dé? Ó ní mo fẹ́ràn owó ju ọmọ lọ, pé òun ni mo gbé ọmọ jù sí lọ́wọ́. Ẹ̀yin sì gbà á gbọ́! Ẹ ránṣẹ́ pé kí n gbé Múìdì wá ní Iléyá, kí ẹ bá mi tọ́ ọ, pé obìnrin tó ń tajà kò lè tọ́ ọmọ. Ìyá, ta ló tọ́ mi? Ṣé ẹ kò ru iṣu lọ Ìkìrun nígbà tí mo wà lẹ́yìn yín ni?

Ẹ̀bi tèmi wà ńbẹ̀, fáàrí ló bò mí lójú. Ṣùgbọ́n Múìdì kò wá. Inú ìsọ̀ ló wà pẹ̀lú mi báyìí. Ó ń gun bẹ́ẹ̀lì, ó ń fa apá súwẹ́tà, ó tọ̀ sórí kóòtù tí oníbàárà ti ń ná lọ́wọ́. Ariwo rẹ̀ ń dé títì. Hausa Mallam ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ti Ọ̀fà ń bọ̀.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí láìdúró rèé. Mo gbọ́ pé Sàfú ló ń gbé ọmọ Kúbúrà àbúrò mi báyìí, pé ẹ sì ń yin ọmọ náà pé jẹ́jẹ́ ló ń ṣe. Bọ̀dá, ẹ dá ìwé kíkà dúró níbí yìí. Ìyá, ẹ ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wá, kí ẹ gbóòórùn ẹnu rẹ̀ kó tó jí.

Kí Ọlọ́run má fi ẹkún ọmọ dù wá. Kó fa ẹ̀mí yín gùn kí ẹ rí ìgbéyàwó Múìdì. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ kí Kúbúrà jù wọ́n lọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràbíátù