Ìdọ̀bálẹ̀ Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Hòtẹ́ẹ̀lì ní Tokyo

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bí wọ́n bá ń kí ara wọn bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Orí àga yín tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí. Ẹsẹ̀ àga náà ti ń mì, ó yẹ kí n pe kápẹ́ńtà, àmọ́ ibi tí ọwọ́ yín máa ń wà ló dán jù lára rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan ha á. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti Tokyo dé. Ẹ̀rín ń pa mí, Bàbá. Ọkàn mi fúyẹ́.

Ẹ ò mọ ohun tí ẹ fi sílẹ̀ sí mi láyà nígbà tí ẹ ń lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni yín lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú lulẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tìwé orin lọ́wọ́ yín, tí ẹ ò sì dìde mọ́. Nígbà tó yá, àbúrò yín tó wà ní Odògbolú náà lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí ò sọ nǹkan kan sókè, àmọ́ mo ń rí ojú tí wọ́n fi ń wò mí. Èmi náà ti pé mọ́kàndínláàádọ́ta báyìí. Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí pé kí n lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Mo kọ̀. Mo ní mi ò ní fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ gbọ́ ìròyìn burúkú.

Òwò léèsì ló gbé mi lọ. Ràṣídì, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń tajà ní ọjà Òkè-Ajé, ti lọ sí àwọn ìlú ọ̀hún lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì mọ ayé jẹ. Nígbà tí mo ní ká wá ibi tí kò wọ́n dé sí, ńṣe ló wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

“Ẹ̀gbọ́n, ibi téèyàn bá dé sí ni wọ́n fi ń mọ irú oníbàárà tó jẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe bí ọmọ Ìjẹ̀bú!”

Hong Kong la kọ́kọ́ dé. Ilẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì náà ń dán débi pé mo rí bàtà mi nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kun bàtà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tẹ́ ẹ ó tún fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè dán, ẹ̀ bá fẹ́ràn ibẹ̀. Láti ojú fèrèsé mi, mo ń wo àwọn ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú iná lára wọn. Ní yàrá ìjẹun, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ kékeré kiri láàárín tábìlì, agbọ̀n kéékèèké tí wọ́n fi ọparun hun wà lórí rẹ̀, ooru ń jáde lára oúnjẹ inú wọn, kéèyàn ṣáà nàka sí èyí tó bá wù ú. Ràṣídì béèrè èyí tí kò ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tẹ́rùn.

Èmi ò lè jẹ. Bí lífíìtì bá ti gbéra báyìí, ọwọ́ mi á ti wà láyà. Gàrí tí mo gbé láti ilé ni mo ń rẹ mu nínú yàrá olówó ńlá, pẹ̀lú ẹ̀pà. Gàrí náà ló mú mi rántí yín. Bí ẹ bá ti ilé ìwé tí ẹ ti ń kọ́ni dé lọ́sàn-án, ẹ ó mu gàrí yín tán, ẹ ó wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra àyà, ẹ ó ní gàrí ló ń wú. Ṣé gàrí ni lóòótọ́, Bàbá? Àbí ó ti ń dùn yín tí ẹ ò fẹ́ ká mọ̀?

Ìgbà tí a dé Tokyo ni eré bẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, irun rẹ̀ funfun báláú, ó wọ aṣọ iṣẹ́ olóbọ́tìnnì wúrà. Bó ṣe rí mi, ó tẹrí ba títí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ara mi ò gbà á. Èmi náà tẹrí ba. Ó tún tẹ tirẹ̀ jù tèmi lọ. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé wa: bí àgbà bá ń forí balẹ̀ fún ọmọdé, ẹ̀mí ọmọ náà ló ń gé kúrú. Èmi tí ọjọ́ orí mi ti ń dẹ́rù bà tẹ́lẹ̀! Mi ò dúró rò ó. Mo ju báàgì sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí mábù, tèmi ti kóòtù àti táì lọ́rùn, àyà mi nílẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi.

Ariwo ta. Wọ́n rò pé mo dákú ni. Àwọn ọmọbìnrin orí káńtà sáré dé, ẹnì kan ń tú táì mi, bàbá arúgbó náà di ọwọ́ mi mú. Bí mo bá ti fẹ́ dìde, wọ́n á tún tẹ̀ mí padà. Ràṣídì tó yẹ kó ṣàlàyé fún wọn, ẹ̀rín ti mú un, ó di ògiri mú.

“Ìkíni ni! Ó ń kí bàbá ni!” Yorùbá ló fi ń sọ ọ́ fún wọn o.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni wọ́n ti gbé mi wọ yàrá kan, dókítà sì dé. Dókítà tí mo ń sá fún ní Ìjẹ̀bú ló wá ká mi mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ní Tokyo. Ó wé aṣọ mọ́ mi lápá, ó fún un gírígírí. Ó gbé ohun tútù kan lé mi láyà, ó tẹ́tí, ó tún gbé e sí ẹ̀yìn. Mo ti ń dágbére fún ìyàwó mi nínú ọkàn mi. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan tó gbọ́ Òyìnbó túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi: ẹ̀jẹ̀ mi ò ga, ọkàn mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ebi ló ń pa mí.

Bàbá, mo sunkún bí ọmọdé. Wọ́n tún rò pé nǹkan ń dùn mí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jẹun. A jókòó níwájú ẹni tó ń se oúnjẹ gan-an, ó ń gé ẹja lójú wa, ó ń tò ó sórí ìrẹsì. Ẹja tí iná ò kàn rárá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá ẹja padà fún ìyá mi tí kò bá gbẹ dáadáa! Mo jẹ ẹ́, mo tún ní kó gbé e wá. A wá lọ síbi kan tí iná aláwọ̀ oríṣiríṣi wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti ń gba makirofóònù lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń kọrin. Nígbà tó kàn mí, orin ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ máa ń kọ nígbà tí ẹ bá ń fá irùngbọ̀n ni mo kọ, Ràṣídì Mùsùlùmí sì ń gbè é lẹ́yìn mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa títí.

Nígbà tí mo délé, mo fipá mú Káyọ̀dé àbúrò mi lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ga, ó ga púpọ̀. Dókítà ní a tètè dé. Ó ti ń lo oògùn, ó ń bú mi lójoojúmọ́ pé èmi ló kó bá òun, inú mi sì ń dùn pé ó wà níbẹ̀ tó ń bú mi. Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń dùn mí: kò sẹ́ni tó gbé ohun tútù yẹn lé àyà tiyín rí.

Lóṣù tó ń bọ̀, màá pé àádọ́ta. Ìyẹn ni pé màá dàgbà jù yín lọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣé ẹ̀yin lẹ ó wá máa kí mi ni? Ẹ má dán an wò o, ẹ má gé ẹ̀mí mi kúrú. Mo ń dìde lórí àga yín báyìí. Bí mo bá ti fi bíírò sílẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni màá dọ̀bálẹ̀ sí fún yín, kí n fi àyà kan ilẹ̀, kí n sì máa gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó dọ̀bálẹ̀, tó sì tún dìde.