Ọrùn Àgbò Tí Kò Léegun

Nima, Accra
Ọjọ́ Àlàmísì, oṣù kan lẹ́yìn Iléyá

Wòsílátù ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àti fún ọkọ rẹ, àti fún gbogbo àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ, yálà owó ni wọ́n fi ń san án tàbí ọ̀rọ̀ dídùn. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ́wọ́ iná, kí Ó ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́ gọ́tà Kumasi. Èmi wà láàyè. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì kò tí ì gbọ́. Ìkíni parí síbẹ̀, jẹ́ kí n bínú.

Olúdélé télọ̀, ẹni tó ń gbé yàrá ẹnu ọ̀nà wa, ló ń bá mi kọ ìwé yìí, nítorí ọmọ rẹ ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́, àti pé òun gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún Olúdélé pé kó má dín ọ̀rọ̀ mi kù. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í kọ sínú lẹ́tà. Mo ní ṣòkòtò oníṣòkòtò ni kó máa gé kúrú, kó fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ bó ṣe gùn.

Afeefah ọmọ rẹ dójú tì mí ní gbogbo Accra. Ọ̀rọ̀ ọrùn àgbò Iléyá ni.

O mọ̀ pé ìdánwò àṣejáde wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà nílẹ̀, bàọ́lọ́jì ni ọmọ rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, ẹnikẹ́ni kò fi tipá mú un, ó ní òun fẹ́ di agbẹ̀bí aláṣọ funfun, bí òun kò bá sì yege nínú bàọ́lọ́jì, wọn ò ní gba òun síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Ìyá tó gbẹ̀bí wọn kò mọ bàọ́lọ́jì, síbẹ̀ ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní orí. Ṣùgbọ́n mo ní ayé ti yí.

Ojoojúmọ́ ló ń wo fóònù. Bí mo bá bá a wí, á ní ìwé lòun ń kà, pé tíṣà àwọn ló ń kó ìbéèrè síbẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti ṣí fóònù yẹn, mo máa ń wé gèlè mi, nítorí n kò mọ apá ibi tí ọkùnrin náà ti ń wò wá. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń wọ yàrá mi báyìí, kò kí mi rí lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní kí Afeefah túmọ̀ ìbéèrè kan fún mi. Ó ní ìbéèrè kan ni, ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn kì í ṣe òótọ́, kí ọmọ mú ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́. Ó ní àádọ́ta irú rẹ̀ ló wà. Mo bi í pé ta ló jókòó ti tábìlì, àgbàlagbà, tó ń gba owó oṣù, tó kọ irọ́ mẹ́ta mọ́ òótọ́ kan lọ́nà àádọ́ta? Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí èmi bá pa irọ́ mẹ́ta fún oníbàárà mi lójúmọ́, ta ni yóò tún ra ata lọ́wọ́ mi?

Apá kejì ni wọ́n ti ń ya àwòrán. Wọ́n á gbé eegun kalẹ̀, wọ́n á ní kí ọmọ yà á, kó má fi dúdú kankan kùn ún, kó sì tóbi ju eegun náà fúnra rẹ̀ lọ. Mo rí èyí tó yà. Eegun kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ó kọ méjì sí abẹ́ rẹ̀. Mo ní mi ò rí ìkejì. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun yà á tóbi lọ́nà méjì. Ní ọjà Nima níbí, a ní orúkọ tí a ń pe ẹni tó bá sọ ohun kan di méjì. Olúdélé kọ̀, kò kọ orúkọ náà.

Nígbà tí wọ́n dán wọn wò ní ilé ìwé, mẹ́rin nínú ogún ni ọmọ rẹ gbà níbi eegun. Mo bínú sí i, ó sunkún, ó sì jẹ́wọ́ fún mi pé eegun ọrùn ẹyọ ọ̀wọ́ kan ni gbogbo ilé ìwé ní, àwọn ọmọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin. Ọ̀kan ti sọnù, eku ti jẹ etí òmíràn, kó sì tó kàn án, wọ́n ti gbà á lọ. Ilé ìwé tí kò ní eegun! Ìlú tí a ti ń pa màlúù lójoojúmọ́! Tíṣà wọn ní kí ẹni tó bá lè rí tirẹ̀ lọ wá a. Nígbà tí o gbọ́ mẹ́rin nínú ogún yẹn, ìwọ náà ránṣẹ́ pé bó bá tún fìdí rẹmi, kí n gbé e sọ́kọ̀ Kumasi, kó wá jókòó ta aṣọ. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mi ò lè purọ́, mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ni Iléyá bá dé.

Ìwọ mọ ọ̀rọ̀ ọrùn yìí, ṣùgbọ́n Olúdélé kò mọ̀ ọ́n, ó ń da ìbéèrè bò mí, nítorí náà kí ó kọ ọ́. Lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé jáde nílẹ̀ Ghana, oyún ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fi sá dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá tó bí Àlàájì Àrówólò, alápatà ní Cow Lane, ní ìwé tirẹ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá wa, ó dá a dúró fún ọdún mẹ́ta, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. Nígbà tí a padà, ìkòkò wa wà níbi tí a gbé e sí. Ìyá ọkọ mi wá ní láti ọjọ́ náà lọ, ọrùn àgbò Iléyá wa, ilé Àrówólò ló ni ín, nítorí ọrùn ni kì í jẹ́ kí orí já bọ́. Bàbá kú, ọmọ jogún ọ̀bẹ, ó sì jogún ọrùn. Àádọ́ta ọdún nìyí, a kò yẹ̀ ẹ́ rí, odindi la sì ń gbé e lọ.

Lọ́dún yìí mo ní kí Afeefah bá mi tọ́jú ọrùn, kó gbé e lọ sí Cow Lane. Ó gbé abọ́ kọjá lójú mi, ó dé e dáadáa, mo sì ń ro ọbẹ̀, n kò ṣí i. Ọjọ́ kẹta, n kò gbọ́ ẹ ṣeun. Ọjọ́ Jímọ̀, mo pàdé Àlàájì lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n rí mi, wọ́n yíjú sí ògiri. Ògiri kò sì kí wọn. Lọ́jọ́ kejì, abọ́ mi padà dé tòun ti ẹran nínú rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ pé àwọn dúpẹ́, àwọn mọ̀ pé ìròyìn eyín àwọn ti dé Nima, kò tún yẹ kí a máa fi ẹran ṣe ìkéde rẹ̀.

Mo ṣí abọ́. Ẹran rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀, kò sí eegun kan níbẹ̀, bí ẹran tí a gé fún ọmọ tó ń hu eyín. Wòsílátù, nínú oṣù Ààwẹ̀ ni eyín iwájú Àlàájì Àrówólò ká tán! Wọn ò lè jẹ iṣan ọrùn àgbò mọ́. Eegun ni wọ́n máa ń sè, tí wọ́n á máa fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ mu. Ohun tí wọn ò lè jẹ la gbé fún wọn, tí a sì mú ohun tí wọ́n lè jẹ kúrò.

Ibi tí mo ti ń ronú ibi tí eegun wà ni Abena tó ń ta ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́ lágbolé wa ti figbe ta lẹ́yìnkùlé. Ó ká àpò àlùbọ́sà kan mọ́ orí okùn aṣọ wa, eegun funfun báláú ló wà nínú rẹ̀, ó ń yí nínú afẹ́fẹ́. Ó ké pe Jésù, díẹ̀ ló kù kí èmi náà bá a ké e. Afeefah sáré jáde, ó ní kí a jọ̀ọ́ má fọwọ́ kàn án, òun ti kọ nọ́mbà sí i lára. Ìgbà náà ni mo mọ ibi tí omi inú ike tí mo fi ń bó aṣọ funfun gbà lọ, àti ìdí tí abọ́ tí mo fi ń rẹ ìrẹsì fi ń rùn.

Mo bi í pé ṣé kò mọ̀ pé odindi là ń gbé ọrùn fún àgbà ni? Ó ní òun kò mú ẹran kankan níbẹ̀, kódà òun kò tọ́ ọ wò, òun rò pé ẹran ni ẹ̀bùn, pé eegun, ìdọ̀tí ni. Ọmọ tí a bí sí Accra, tí a tọ́ sí Accra! Mo ní dìde, gbé eegun rẹ, à ń lọ.

A wọ trotro. Ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ bi í pé kí ló wà nínú àpò. Ọmọ rẹ, òótọ́ ní tirẹ̀, ní eegun ọrùn ni. Gbogbo èrò sún. A jókòó fẹ̀ǹfẹ̀ títí dé Cow Lane.

Mo kúnlẹ̀ fún Àlàájì, pẹ̀lú orúnkún tí mo sọ yẹn. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu dá mi lóhùn, wọ́n ní kí n dìde, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kò tán. Mo wá pàṣẹ fún ọmọ náà pé kó to ohun tó jí sílẹ̀ níwájú onílé. Ó tò ó sórí ẹní, méje. Ó fi ìbẹ̀rù sọ pé èyí ló ń jẹ́ kí orí mi sókè mi sísàlẹ̀, èyí ló ń jẹ́ kí ó yí sọ́tùn-ún sósì.

Àlàájì wò ó títí. Wọ́n ní ta ló to ọrùn yìí, pé àgbò tó bá ní irú rẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò máa wò bó bá ń jẹ koríko. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n mú ẹ̀kẹta, wọ́n mú ẹ̀kẹrin, wọ́n fi ọ̀kan sípò èkejì láìwò ó, àtàǹpàkò nìkan ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n gbàgbé ẹnu wọn, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, mo rí gbogbo èrìgì. Afeefah ní méje ló wà lọ́rùn ènìyàn náà, àti eku, àti àgùnfọn. Wọ́n gbà fún ènìyàn, wọ́n gbà fún eku, wọ́n ní ti àgùnfọn, irọ́ ni. Ó fi fóònù hàn wọ́n. Wọ́n bi í pé fóònù rẹ yìí, ẹran mélòó ló ti pa rí?

Láti ọjọ́ náà, ọmọ rẹ kò gbélé mọ́. Bó bá ti dé láti ilé ìwé, ó di Cow Lane. Àlàájì ti bá a gba eegun ẹ̀yìn, ti ìhà, ti itan, lọ́wọ́ àwọn tó ń pa ẹran báyìí. Wọ́n á ní kó dijú, wọ́n á fi ọ̀kan sí i lọ́wọ́, wọ́n á ní kó sọ èyí tó jẹ́, bó bá ṣì í, wọ́n á pè é ní alápatà tó ń ta ojú ẹran bí ẹ̀dọ̀. Èmi ni mo ń rokà fúnra mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún dán wọn wò. Mẹ́tàdínlógún nínú ogún ló gbà. Mo ní mẹ́ta yòókù dà? Ó ní wọ́n ní kí àwọn kọ ohun tí àwọn rí lára eegun, òun sì kọ ọ́ mọ́ ọn pé ẹran náà ti ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, bí Àlàájì ṣe kọ́ òun láti fi etí eegun mọ̀ ọ́n. Tíṣà ní kò sí nínú ìdáhùn tí wọ́n fún òun. Ṣé o rí ohun tí mo ń wí? Àwọn tó kọ irọ́ mẹ́ta mọ́ òótọ́ kan, ọmọ kọ òótọ́ kan fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fi mẹ́ta jẹ ẹ́ níyà!

Nítorí náà, má tí ì ra àga fún un sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Mo mọ ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀. Mo ti yí i padà, èmi ni mo bí ọ.

Fi owó ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra ọrùn àgbò, odindi, tòun ti eegun, kí n gbé e lọ fún Àlàájì kí ọdún tó yí. Fi díẹ̀ lé e fún abọ́ ìrẹsì, n kò lè lo èyí mọ́. Má fi í sínú fóònù, nítorí wọ́n máa ń bù nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, kó mọ̀ pé mo mọ ìyá rẹ̀.

Ohun kan tún ń bí mi nínú. Mo ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀ yìí, mo fi ọwọ́ tútù kan ẹ̀yìn ọrùn mi, mo kà á. Mo kan ọ̀kan tó yọ sókè, mo tún fẹ́ kan èkejì, àwọn yòókù fara pamọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mo fi gbé orí yìí kiri, mo fi ru ata láti Nima dé Jamestown, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé méje ni.

Ọlọ́run tó to méje tìrẹ sípò, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀kan yẹ̀. Kí ọrùn rẹ má ru ẹrù ìtìjú. Kí ọwọ́ ọmọ rẹ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ yóò bá pàdé láyé, kí ó sì gbà wọ́n láì jábọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àkànkẹ́ aláta.